Ọmọ Íńdíà Tó Gbọ́ Ikọ́ Mi Nínú Orin

Bí ó bá jẹ́ pé òní ni dókítà sọ fún yín pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, kí ẹ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tán. Èmi náà gbọ́ gbólóhùn yẹn, etí mi hó yee, mo rò pé ayé mi ti parí nìyẹn. Kò parí rárá. Mo wà níbí, mo ti sanra, mo ń pariwo káàkiri ilé débi pé àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n rọra. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá ti ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń sáré kọjá ibi tó yẹ kí n ti dúró. Ẹ bá mi fara dà á.

Bísí ni orúkọ mi. Peckham ni mò ń gbé, pẹ̀lú ọkọ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Mummy. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Catford ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń kọrin ní ìjọ aláṣọ funfun wa, èmi ni mo máa ń dá orin. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ tan ara mi jẹ: Ọlọ́run fún mi ní ohùn. Bí mo bá dá orin nígbà tí ìsìn bá ti fẹ́ parí, àwọn tó ti jáde lọ wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà á tún padà wọlé.

Ikọ́ náà kò pariwo nígbà tó dé. Ìgbà òtútù ni, ta ni kì í wúkọ́ ní London nígbà òtútù? Ó gbẹ, ó kéré, ó máa ń wá láàárọ̀ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ. Ẹ mọ ohun tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sọ? Wọ́n ní, "Sister Bísí, ẹ ti slim o, ẹ fún wa ní secret yẹn nau." Inú mi dùn, mo ń yan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lóru débi pé mo ní láti máa pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn, mo ní ọjọ́ orí ló ń bọ̀. Àtẹ̀gùn ibùdó rélùwéè Peckham Rye tí mo máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀ di ohun tí mo ń dì mú bí arúgbó. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Gbogbo nǹkan ni mo ní àlàyé fún.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò rí àlàyé fún ni orin. Mo dá orin kan lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìlà tí mo máa ń gbà láìdánudúró, mo gé e sí méjì. Mo ní láti mí láàárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura, ṣùgbọ́n èmi mọ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Ìgbà yẹn ni a mú ẹlẹ́bi. Àwa aláṣọ funfun ń sun tùràrí, gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ pẹpẹ gan-an sì ni àwa akọrin ń jókòó sí. Bí wọ́n bá ti gbé àwo tùràrí kọjá, màá wúkọ́, gbogbo orí á yí sí mi. Kí ló tún kù? Tùràrí ni. Wọ́n sọ fún arákùnrin tó ń gbé e pé kó máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n pààrọ̀ irú tùràrí tí wọ́n ń rà. Mummy ní èéfín ti wọ̀ mí láyà, ó sì ń fún mi ní oyin àti orógbó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò wa, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé èéfín tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó gbà mí gbọ́, torí mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú, ó ní kí n máa fa oògùn kan sí ẹnu, kí n sì jìnnà sí èéfín. Inú ìjọ aláṣọ funfun nìkan lèèyàn ti lè rí irú àṣìṣe yìí.

Ẹni tó tú tùràrí sílẹ̀ lẹ́wọ̀n kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. Jiten ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń gbin tíì ní ìlà-oòrùn Íńdíà ló ti wá, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú náà ni. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn arúgbó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó lè jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kó má sọ nǹkan kan, kó má sì wo fóònù. Mo máa ń gbọ́ tó ń kùn nínú bí a bá jọ ń ká aṣọ ìbùsùn. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá àdúrà ló ń gbà.

Ó ní, "Rárá, Aunty. Ráàpù ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Ráàpù tí mo mọ̀ ni ti àwọn ọmọ Rye Lane tó ń ju ọwọ́ kiri, tí wọ́n ń bá gbogbo ayé jà. Ti Jiten kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, lédè ìlú rẹ̀ tí àwọn ọmọ Íńdíà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kò gbọ́. Bàbá rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, kùrukùru òwúrọ̀ lórí oko tíì, oorun tí kò wá, ìwọ̀nyí ló ń fi kọrin. Ó sọ fún mi pé àwọn kan pè é síbi ijó kan, wọ́n ní kó ṣe èyí táwọn èèyàn á fi jó, kó sì fi èdè táwọn èèyàn mọ̀ ṣe é. Ó di ojú, ó kọ orin tó ṣe nípa bàbá rẹ̀. Gbogbo èèyàn lọ ra ọtí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Jiten kì í bínú. Ó kàn máa ń ronú nípa nǹkan náà títí tó fi di orin.

Ó gbọ́ mi lọ́jọ́ kan tí mò ń kọrin fún ìyá àgbà kan bí mo ṣe ń wẹ̀ fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo jáde, ó ní òun ní orin kan tí kò ní ègbè, òun ti ń wá ohùn tó máa gbé e láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bi í pé kí ni orin náà dá lé lórí. Ó ní ẹnìkan tó ń dúró de kí ilẹ̀ mọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò bi í. Mo fi Yorùbá ṣe ègbè náà fún un: "Dúró dè mí, ilẹ̀ á mọ́." Màá wá gbé "mọ́" yẹn gùn, gùn, títí ohùn tirẹ̀ á fi yọ lábẹ́ rẹ̀.

Yàrá rẹ̀ ní Kennington la ti ń gba ohùn sílẹ̀, nínú wọ́dúróòbù tó fi aṣọ ìbora tó nípọn bò yíká kí ariwo má bàa wọlé. Ọkọ mi tẹ̀lé mi lọ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ọkùnrin tó ń ki ìyàwó òun bọ inú wọ́dúróòbù. Ó jókòó, ó mu tíì, ó sùn lọ, kò tún tẹ̀lé mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n "mọ́" yẹn kò gùn. Bí mo bá ti gbé e dé àárín, ikọ́ á gé e. A ó tún un ṣe, ikọ́ á tún gé e. A fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, di oṣù kejì. Mo ní kí ó pa àwọn tó bàjẹ́ rẹ́, ó ní òun kì í pa nǹkan rẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: gbogbo èyí tó bàjẹ́ ló ń tọ́jú, ó sì máa ń jókòó gbọ́ wọn lẹ́yìn náà, torí ó ní inú àṣìṣe lòun ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe rí gan-an lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán kan la wà níbi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, ó wá jókòó níwájú mi, ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́rìn kékeré bọ̀ mí létí. Ikọ́ mi ni mo ń gbọ́. Ó ti to gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra, láti ìgbà òtútù títí dé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ti àkọ́kọ́ gbẹ, ọ̀fun ló ti ń wá. Èyí tó tẹ̀ lé e wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹyìn, mo fẹ́ yọ nǹkan náà kúrò létí, torí ohun tí mo gbọ́ jìn, ó rin, kò jọ pé ara mi ló ti jáde.

Mo ní, "Tùràrí ni, Jiten. Mo ti sọ fún ẹ."

Ó bi mí pé ọjọ́ wo la máa ń sun tùràrí. Mo ní ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́rú. Ó ní, "Aunty, ọjọ́ Ajé nìkan lẹ máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó ń sun nǹkan kan nínú wọ́dúróòbù mi."

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo máa ń làágùn lóru. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ nípa ìyẹn. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun mọ ẹnìkan tó wúkọ́ báyìí rí, kí n jọ̀wọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Mo padà lọ. Dókítà mìíràn ni mo bá, obìnrin. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ní kó gbọ́ àwọn ikọ́ tí Jiten tò jọ, tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè bí mo ṣe rù tó, ó béèrè nípa òógùn, ó sì ní kí n lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n ya fọ́tò àyà mi.

Èrò pọ̀ lọ́sibítù náà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. A jókòó, a wo tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ohùn, a dìde, a tún jókòó. Mo ya fọ́tò tán, mo rò pé wọ́n máa ní kí n máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó pe orúkọ mi kí orúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi tó kàn, ó fún mi ní ohun ìbomú, ó mú mi lọ sí yàrá kan tó wà lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fi èèyàn ṣáájú ní ọsibítù London, kì í ṣe ojú rere.

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ikọ́ ife ni. Dókítà ní ó máa ń san pátápátá, oògùn rẹ̀ wà, oṣù mẹ́fà ni màá fi lò ó. Ó wá fi egbò kan hàn mí lórí ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún, ó ní ó lè fi àpá sílẹ̀. Mo bi í bóyá màá tún lè kọrin. Ó wò mí, ó ní òun kò fẹ́ ṣe ìlérí tí òun kò lè mú ṣẹ. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Ẹ̀mí ni mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èémí ni n kò mọ ẹni tí màá fi lé lọ́wọ́.

Ọkọ mi wá gbé mi. Mo sọ fún un nínú ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnì.

Ó ní, "So ó treatable, àbí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ó treatable."

"Kí ló dé tí o wá ń sunkún? Màá call work kí n swap shift mi. A máa ṣe é."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe ń wakọ̀, ọkùnrin tí kì í fi ọwọ́ kan ṣoṣo wakọ̀.

Wọ́n ní kí n dá wà nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa ṣí fèrèsé, títí oògùn á fi pa agbára rẹ̀ kí n má lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé mi lọ ṣe àyẹ̀wò, ara gbogbo wọn dá. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní ibi iṣẹ́ náà. Wọn kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ẹlòmíràn tó ń pè mí lójoojúmọ́ dákẹ́. Ẹnìkan nínú ìjọ wa ní òun gbọ́ pé èpè ni. Bàbá Olùṣọ́, tó jẹ́ olórí ìjọ wa, ló pa gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè sọ ọ́, mo ní kó sọ ọ́. Ó dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní, "Gbogbo choir, ẹ lọ ṣe test. Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ. A ti fi tùràrí Ọlọ́run sùn, a ní láti tọrọ àforíjì." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ.

Ti Jiten ló dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò náà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sùn ni, kò ṣàìsàn, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jí. Mo pè é láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ fún òun pé ó ṣeé ṣe kó ti wà lára òun láti kékeré, kí n má bẹ òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí láràárọ̀: "Aunty, ṣé ẹ ti gbé e mì?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa oògùn náà, torí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ìbáà jẹ́ pé ìwé ìgbélùú yín kò tíì pé. Ó pọ̀ lọ́wọ́, òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun lẹ máa lò ó, inú á máa rú yín níbẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ yín á pọ́n. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi, n kò sọ fún Mummy, Mummy wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan tí omi kò gbé e lọ tán. Igbe tó ké mú kí aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn.

Mummy gbà pé oògùn náà ń fa ẹ̀jẹ̀ lára mi. Ó ti ní kí wọ́n fi àgbo rán ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní kí n má mu ún rárá, ẹ̀dọ̀ mi ti ní iṣẹ́ tó tó. Mummy bínú, ó ní nọ́ọ̀sì kò bí mi. Ó tún wá le sí i nígbà tí oṣù kejì parí, torí ara mi ti yá. Ikọ́ ti lọ. Mo ti ń jẹ ẹ̀bà bí alágbàro. Mummy ní, "Bísí, o ti gbádùn. Kí lo tún ń gbé oró mì fún? Gba ààwẹ̀, mu omi ìyè, kó tán síbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí dúrọ́ọ̀, oògùn kò sí níbẹ̀. Mo jáde sí kíṣìnì, Mummy jókòó sídìí tábìlì, báàgì Bíbélì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni drugs mi wà?"

Mummy ní, "Ó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹ sọ fún mi, báwo lọmọ Yorùbá ṣe ń já báàgì gbà lórí itan ìyá rẹ̀? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń sunkún, ó ń mi orí. Ó ní òun ti sin ọmọ kan, òun kò ní jókòó wo bí ẹ̀jẹ̀ èkejì á ṣe tán. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Fóònù dún, Jiten ni, ó ń béèrè bóyá mo ti gbé e mì. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní kí n má bá Mummy jà, òun ń bọ̀.

Ó dé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Mummy, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn nìyẹn. Mummy wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni eléyìí." Ó jókòó. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ kí Mummy gbọ́ orin kan. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí òun bá ti ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Orin wa ni. Orin tí mo ti ń kọ ègbè rẹ̀ láti ìgbà òtútù láìmọ ohun tó ń sọ. Ó ń dá a dúró ní ìlà kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi:

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń já ewé tíì, ó ń wúkọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.
Wọ́n fún un lóògùn, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ìdùnnú kún ilé wa, a ní ó tó gẹ́ẹ́.
Ìyá bàbá mi kó ìyókù oògùn pa mọ́ sínú àpótí.
Òjò bẹ̀rẹ̀, ikọ́ padà wá, ó ti mọ ọ̀nà ilé.
A gbé oògùn jáde, oògùn kò ràn án mọ́.
Mo jókòó tì í, mo ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìlà yẹn ni ohùn mi wọlé láti inú fóònù: "Dúró dè mí, ilẹ̀ á mọ́." Mo ti ń kọrin fún òkú obìnrin kan tí àìsàn mi gan-an pa, n kò mọ̀.

Mummy bi Jiten pé ìyá àgbà tó kó oògùn pa mọ́ ńkọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ó wà láàyè, àpótí náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Mummy ṣí síìpù báàgì náà, wọ́n kó oògùn jáde láti abẹ́ Bíbélì. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n bu omi, wọ́n gbé e wá fún mi. Wọ́n ní, "Gbé e mì, kí n rí i." Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi lò ó tán, Mummy ló ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀, ó sì ń ní kí n la ẹnu kí òun wò ó bóyá mo ti gbé e mì lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ rí.

Mo lò ó parí. Wọ́n tún ya fọ́tò àyà mi. Àpá wà níbẹ̀, kékeré, ṣùgbọ́n àpá lásán ni, kòkòrò kankan kò sí mọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "O ti bọ́." Mo gbá a mọ́ra, mo jáde, mo rìn gbogbo Rye Lane já láìdúró, mo ń kí àwọn tí n kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ikọ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má dá èéfín lẹ́bi, ẹ má dá òtútù lẹ́bi, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì fún yín lóògùn, ẹ lò ó tán, pàápàá jù lọ nígbà tí ara yín bá yá. Ẹ gbàdúrà, èmi náà gbàdúrà, mo ṣì ń gbà á. Ẹ fi omi gbé oògùn mì lẹ́yìn àdúrà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí mo ṣe wà báyìí. Mo ti padà síbi iṣẹ́, mo ti padà sẹ́sẹ̀ pẹpẹ, wọ́n ń sun tùràrí kọjá níwájú mi, n kì í wúkọ́. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, n kò gbìyànjú "mọ́" yẹn. Àpá ń bẹ̀rù mi, èmi náà ń bẹ̀rù àpá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n fún Jiten láyè láti ṣeré nínú yàrá òkè kékeré kan níbí ní Peckham. Àwọn tó wá kò pọ̀: ọmọ Íńdíà díẹ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìdajì àwọn akọrin wa, ọkọ mi, àti Mummy ní àga iwájú. Jiten ní bí mo bá fẹ́, òun lè fi kọ̀ǹpútà gbé ègbè náà, tàbí kí a gé e kúrú. Mo ní kó má gé nǹkan kan. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó lọ ra ọtí. Nígbà tó kàn mí, mo la ẹnu. Dúró dè mí, ilẹ̀ á mọ́. Mo gbé e, mo gbé e kọjá ibi tí ikọ́ ti máa ń gé e, mo ń gbé e lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ohùn Jiten ti yọ, kò yọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti la ojú, ó dúró, ó ń wò mí, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ pè é pé kó wọlé nígbà tó bá wù ú. Mo ṣì ní èémí.